Itọ́ Kọ́ Ni Kẹ̀lẹ̀bẹ̀

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ni mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ikọ́ ọjọ́ méjì ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀fìnkìn ń mú wá ni mo ń wí o, bí kò ṣe èyí tí ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ikọ́ ife, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ.

N ó kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan tí ń ta èlùbọ́ wá sí ilé ìṣègùn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ikọ́ náà ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ti mu ìgò oògùn ikọ́ mẹ́ta, ó ti mu àgbo, ó ti fi oyin sí omi gbígbóná. Bí ó bá di òru, òógùn a bò ó, aṣọ rẹ̀ sì ti ń tóbi jù ú lọ. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọdé ń ké, àwọn aláboyún tò lọ bẹẹrẹ. Mo mú ike kékeré tí ó ní ìdérí, mo nà án sí i, mo ní, “Ìyá, ẹ bá mi tutọ́ sínú èyí, kí ẹ gbé e wá lọ́la.” Ó ní, “Ó dára, nọ́ọ̀sì.” Ó sì gbé e wá. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní àwọn kò rí kòkòrò kankan. Inú ìyá náà dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó padà sí ọjà rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí kò dá wá. Ó fa ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì ń wúkọ́.

Mo sáré lọ bá bàbá tí ń ṣe àyẹ̀wò fún wa, ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó wo ìwé àtijọ́, ó bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, kí ni ẹ ní kí ìyá yìí mú wá nígbà yẹn?” Mo ní mo ní kí wọ́n tutọ́ ni. Ó mi orí, ó ní, “Wọ́n sì tutọ́ lóòótọ́. Omi ẹnu ni ẹ gbé fún mi, ó sì yẹ kí èmi náà dá a padà. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni àrùn wà, ẹnu ni ẹ ní kí n wá a sí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìyá náà ṣe ohun tí mo sọ. Èmi ni n kò sọ ohun tí ó yẹ.

Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú ike náà? Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, dókítà kan tí ń jẹ́ Robert Koch dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi kòkòrò tí ń fa ikọ́ ife hàn wọ́n. Títí di ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àrùn ìdílé ni. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe fún Koch ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905, ọjọ́ 24 oṣù Kẹta sì ni gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀rọ̀ ikọ́ ife títí di òní.

Kòkòrò yìí kéré púpọ̀, kò sì ní àwọ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ láró kí a tó lè rí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín. Ẹ mọ̀ pé ibi tí a bá fi ìda lé lórí aṣọ, aró kì í wọ ibẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ife náà ní ohun kan tí ó dà bí ìda lára. Aró pupa kì í fẹ́ wọ̀ ọ́, àfi bí a bá fi iná yá a. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ̀ ọ́ tán, kò jáde mọ́. Bí a bá da ásíìdì lé e, gbogbo nǹkan yòókù ni yóò ṣí, òun nìkan ni yóò dúró ní pupa. Lẹ́yìn náà a ó fi aró búlúù rẹ ìyókù. Bí aláyẹ̀wò bá wá wo inú maikirosíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, yóò rí kòkòrò náà bí igi tín-ín-rín pupa lórí ilẹ̀ búlúù. Àwọn ará Jámánì méjì, Ziehl àti Neelsen, ni a fi orúkọ wọn pe ọ̀nà yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kí aláyẹ̀wò tó lè rí i, kòkòrò náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 5,000 sí 10,000 nínú mílílítà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan, èyí tí ó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ṣíbí tíì. Níbo ni a ó ti rí iye yẹn nínú omi ẹnu?

Ọ̀nà mìíràn wà. A lè gbin kòkòrò náà bí ẹni gbin irúgbìn, nínú ìgò tí a ti fi ẹyin adìyẹ ṣe oúnjẹ sílẹ̀ fún un. Ọ̀lẹ ni kòkòrò yìí. Àwọn mìíràn ń di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú, òun lè lò tó 20 wákàtí, nítorí náà èsì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní GeneXpert. Àmì ìdánimọ̀ tí ó wà nínú kòkòrò náà ni ẹ̀rọ yìí ń wá. Ó ń dáhùn láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ó sì ń sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan pàtàkì nínú oògùn ikọ́ ife, yóò ran kòkòrò náà. Ẹ̀rọ yìí ń rí ohun tí awò kò rí, ṣùgbọ́n òun náà kò lè rí ohun tí a kò gbé fún un.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní ike, ẹ ṣe báyìí:

Èkínní, ẹ ṣe é ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu.

Èkejì, ẹ jáde sí ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ jìnnà sí ènìyàn. Ẹ má ṣe é nínú yàrá tàbí ní ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sé èémí díẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ẹ wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà wá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ohun tí ó jáde. Bí ó bá ṣàn bí omi tí ó sì ń hó, itọ́ ni. Bí ó bá ki tí ó sì ń fà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Kí ó tó ṣíbí tíì kan.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dé ike náà pinpin, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì gbé e dé ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á.

Ọmọ kékeré kò lè ṣe èyí. Ẹ má torí bẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ nílé, nítorí wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò dípò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí èsì bá sì ní kò sí kòkòrò, ṣùgbọ́n tí ikọ́ kò lọ, tí ara ń rù, ẹ padà wá. Èsì kan kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ìtìjú ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù kí onílé má lé wọn, kí àwọn ará ilé má ya àwo wọn sọ́tọ̀. Ẹ gbọ́: àwo àti ṣíbí kì í ran ikọ́ ife. Afẹ́fẹ́ tí ẹni tí ń wúkọ́ mí jáde nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ni ó ń ràn án. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì kó gbogbo ará ilé wá fún àyẹ̀wò. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò rẹ̀ àti oògùn rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni a sábà máa ń fi lò ó, kò sì gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà nítorí pé ara ti yá.

Ìyá elélùbọ́ náà ńkọ́? A rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òun àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n lo oògùn wọn pé, ara àwọn méjèèjì sì dá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà pàdánù sáà ìwé kan gbáko, bóyá ì bá má sì pàdánù rẹ̀ bí mo bá ti sọ̀rọ̀ yékéyéké lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀.” Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí ó tutọ́ sínú ike. Bí nọ́ọ̀sì mìíràn bá sọ ọ́ fún yín, ẹ bi í dáadáa pé, “Ṣé itọ́ ni, àbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀?”