Iṣẹ́ Àṣetiléwá Tí Ìdáhùn Rẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí mo wà ní SS1 ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí ìjọ Krìstẹ́nì dá sílẹ̀, olùkọ́ Yorùbá wa kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó. Èkíní: Kí ni oríkì orílẹ̀ yín? Èkejì: Níbo ni àwọn baba ńlá yín ti ṣí wá? Ẹ̀kẹta: Ta ni ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ nínú ìdílé yín, kí sì ni ojú rẹ̀ rí? Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣí ìwé kankan. Kí kálukú lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé rẹ̀, kí ó jókòó tì í, kí ó gbọ́, kí ó sì kọ ohun tó gbọ́ wá ní ọjọ́ Ajé.

A rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ní kíláàsì Áàtì tiwa, ohun tí a mọ̀ sí iṣẹ́ àṣetiléwá ni kí a da ojú ewé mẹ́ta kọ láti inú ìwé Gọ́fúmẹ́ǹtì, tàbí kí a há ẹsẹ Bíbélì sórí fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Krìstẹ́nì. Èyí kò béèrè ju pé kí ènìyàn jókòó ti àgbàlagbà lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màámi ka ìbéèrè àkọ́kọ́, ojú wọn sì le. "A ti fi nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ilé ìwé Krìstẹ́nì wo ló ń rán ọmọ lọ ka oríkì eégún?" Òótọ́ ni pé ìran Ọ̀jẹ̀ ni bàbá mi, oríkì wa kò lè rìn jìnnà kó tó kan eégún. Màámi ní kí n kọ ọ́ pé ìdílé wa kò ní oríkì.

Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá tọ́jú ojú wọn. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n láti kékeré, Bíbélì wọn sì ti gbó débi pé okùn ni wọ́n fi ń so ó. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "tíṣà kò ní kí ọmọ lọ bọ eégún. Ilé tó ti jáde wá ló ní kó mọ̀. Térà tó bí Ábúráhámù ńkọ́? Ṣebí ìwé Jóṣúà sọ ọ́ ní gbangba pé ó sin òrìṣà. Síbẹ̀, nígbà tí Lúùkù ń ka ìran Jésù, kò fo orúkọ rẹ̀."

Màámi kò fèsì. Iná ti lọ. Wọ́n kàn dìde, wọ́n tan àtùpà, wọ́n sì gbé e wá síwájú wa. "Àdùkẹ́," ni màmá àgbà wí fún mi, "mú báírò rẹ."

Àwọn àlùfáà ló ṣáájú

Ẹni tó bá rò pé irú iṣẹ́ yìí kò yẹ ilé ìwé ìjọ, kí ó wo àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ilé ìwé ìjọ lélẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Òkúdu, ọdún 1859 ni CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọmọ ilé ìwé 6. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Látìn àti Gíríìkì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìtàn àti ìmọ̀ Bíbélì. Thomas Babington Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀, ni ó fẹ́ ọmọ Samuel Àjàyí Crowther.

Crowther fúnra rẹ̀, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843. Nígbà tí ó mú èyí tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní 1852, òwe ni ó fi ń gbe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sí ìwé Yorùbá tí ì bá ti da àwọn òwe náà kọ. Ẹnu àwọn ènìyàn ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ẹni tó lọ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin àti àwọn àgbà mìíràn. Àlùfáà ni, síbẹ̀ kò fo ìtàn Ṣàngó. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ó kédùn pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, Róòmù àti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ tí a bí wọn sí. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tó jẹ́ dókítà oníṣègùn, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Ọdún 24 gbáko! Bí kò bá sí àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, kí ni à bá máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Ọ̀yọ́?

Ibi tí a já okùn sí

Ní ilé ìwé tiwa, owó ìtanràn wà fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní ọgbà, àfi ní wákàtí ẹ̀kọ́ Yorùbá. Èdè tí a fi ń gba máàkì ní agogo mẹ́wàá di ẹ̀ṣẹ̀ ní agogo mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ òbí sì gbà pé ọmọ tí kò lè ṣe Ìṣirò ni wọ́n ń tì sí kíláàsì Áàtì. Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 dé, a yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní girama kékeré. Láti ìgbà náà, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí ó padà.

Lónìí, fóònù ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ jíròrò iṣẹ́ ọba nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ yóò kọ ojú ewé méjì fún un kí omi gaàrí tó tutù. Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi pátápátá. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ wà níbi gbogbo, ibi gbogbo ni ọmọ yóò ti jí i. Ṣùgbọ́n Google kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ nínú ilé yín.

Bí a ṣe lè yan iṣẹ́ tó ní láárí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì Áàtì, àti ẹ̀yin tí àbúrò tàbí ọmọ yín ń gbé ìwé wálé, àwọn iṣẹ́ bí mélòó kan rèé. Fún Gọ́fúmẹ́ǹtì, kí ọmọ lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń yan baálẹ̀ àdúgbò tàbí olórí agbo ilé rẹ̀, kí ó wá fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Fún Lítíréṣọ̀, kí ó gbọ́ àlọ́ kan lẹ́nu ẹni méjì, kí ó kọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra. Fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Krìstẹ́nì, kí ó béèrè ẹni tó fún ìjọ ní ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì dúró lé. Ó lè jẹ́ abọ̀rìṣà ni. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní yára pẹ̀gàn ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe bá ọmọ kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó fi fóònù gba ohùn àgbà sílẹ̀ bí àgbà náà bá gbà, lẹ́yìn náà kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ọ̀rọ̀ òrìṣà bá sì dé, ẹ má pa á rẹ́. Kíkọ ohun tí àwọn baba ṣe sílẹ̀ kì í ṣe bíbá wọn ṣe é.

Ìbéèrè tí mi ò padà lọ bi

Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Màmá àgbà mọ oríkì ìdílé ọkọ wọn ju àwọn ọmọ bíbí ilé náà lọ, bí ìyàwó ilé ti máa ń mọ̀ ọ́n. Bàbá ọkọ wọn ni ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀jẹ̀, búra pé òun kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ láyé. Ní ọdún kejì, ìjì ṣí òrùlé onígbàgbọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ni ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin agbo ilé wá, tí wọ́n bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tún jọ jẹun.

Olùkọ́ wa fún mi ní 17 nínú 20. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn òrùlé náà, wọ́n fi báírò pupa kọ ọ́ pé: "Kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí? Padà lọ bi wọ́n." Inú mi dùn sí 17 náà, mo sì pa ìwé dé. Màmá àgbà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n kú kí n tó parí SS2.

Níbi ìsìnkú, mo bi bàbá mi, mo bi àwọn àbúrò wọn, mo bi àwọn àgbà agbo ilé. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ọkùnrin náà. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ìtàn òrùlé náà rí, àfi lẹ́nu mi. Màámi ni ó ní kí n lọ mú ìwé náà wá, kí n kà á sí wọn létí, pẹ̀lú oríkì.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ àrọ́bá kì í dúró títí kí a tó ráyè. Bí àgbà kan bá ṣì wà nílé yín, ẹ pè é ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè orúkọ kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn.