Ilé Làbọ̀ Ìsinmi Oko: Ọ̀rọ̀ Líìfù Fún Àwa Tí A Ń Ṣiṣẹ́ Ní Àbújá

Nígbàkúgbà tí a bá ka ìròyìn ìkómọjáde, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ìbéèrè kan a máa tẹ̀lé e: ta ni ó rí àyè lọ sí ilé nínú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn? Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí líìfù.

Láti ọjọ́ 12 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1991 tí olú-ìlú ti kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, gbogbo ẹ̀yà ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà sinmi kò rí bákan náà. Àwọn ará wa Ìgbò a máa kó ọjọ́ ìsinmi wọn jọ di oṣù Disẹ́ńbà, kí wọ́n tó rọ́ lọ sí ìlú wọn. Àwọn Hausa tí ó jẹ́ Mùsùlùmí a máa wá àyè ní ìgbà ọdún Ààwẹ̀ àti ọdún Iléyá. Ti àwa Yorùbá kò ní oṣù kan pàtó. Bí ìgbéyàwó bá wà ní Abẹ́òkúta ní Sátidé yìí, òkú lè wà ní Adó-Èkìtì ní Sátidé tí ń bọ̀. Ará Ìjẹ̀bú-Òde ní Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ará Òṣogbo ní ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́ọ́sì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń fẹ́ líìfù tiwa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Lọ́kọ́jà ń gba odindi ọjọ́ kan ní àlọ, ó sì ń gba ọjọ́ kan ní àbọ̀.

Kí ni òfin wí? Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà wí pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Kò sì tọ́ kí ọ̀gá fi owó dípò ìsinmi náà nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá yọ ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ kúrò nínú mẹ́fà, mẹ́rin ni ó kù. Ní Gánà, òfin ọdún 2003 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ 28. Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò ní irú rẹ̀, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni láti fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi ọdọọdún tí owó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ ni.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sàn ju ti aládàáni lọ ní ti èyí. Òṣìṣẹ́ ìpele keje sókè ní ọjọ́ 30 lọ́dún. Abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 16. Láti ọdún 2022 ni a sì ti fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá ọmọ, kí ó lè wà nílé ní ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọmọ lórúkọ. Èyí wà lára ohun tí ó ń mú ẹlòmíràn dúró sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba bí owó oṣù rẹ̀ kò tilẹ̀ tó nǹkan.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà ìjọba òyìnbó, òyìnbó bẹ̀rù ibà ilẹ̀ wa. Nítorí náà, lẹ́yìn bí ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀, ìjọba a san owó ọkọ̀ òkun rẹ̀ lọ sí ilé, kí ó lè gbà láti padà wá. Láyé àwọn baba wa pẹ̀lú, ìwọ̀fà tí ó ń fi iṣẹ́ ṣe èlé gbèsè kì í ṣe ẹrú: ilé ara rẹ̀ ni ó ń gbé, ó sì ní àkókò tirẹ̀ láti ro oko ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ilé ìránṣọ ní Nyanya, Kubwa àti Wuse ńkọ́? Àwa tí a ń ráhùn sí ọ̀gá wa, ọ̀gá ni àwa náà fún ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó ń bá wa tajà láti Mọ́ńdè dé Sátidé ní ìyá nílé. Bí a kò bá fún un láyè, yóò parọ́ pé ìyá bàbá òun kú, lọ́dún tí ń bọ̀ ìyá àgbà yóò tún kú. Níkẹyìn yóò lọ láìdágbére, àwa yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹlòmíràn ní iye ọjà àti orúkọ oníbàárà.

Ìmọ̀ràn wa ni èyí. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀wé béèrè líìfù rẹ̀ ṣáájú, kí ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò: kí ẹni tí kì í ṣọdún Kérésì di ipò mú fún ẹni tí ń ṣe é, kí òun náà lè lọ ní Iléyá. Kí ọ̀gá kọ ọjọ́ ìsinmi ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ó má sì yẹ̀ é. Ọjọ́ 6 ni òfin ní kí ó má dín. Kò sọ pé kí ó má lé.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a máa fi ayọ̀ lọ, kí a máa fi ayọ̀ bọ̀.