Ìdílọ́wọ́ Ìgbì Nínú Ìsokọ́ra Wáífáì Inú Ilé: Okùnfà àti Ọ̀nà Àbáyọ

Ìṣọníṣókí

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ń lo àpótí Wáífáì méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí íntánẹ́ẹ̀tì lè dé gbogbo yàrá. Bí iṣẹ́ bá falẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn onílé ni pé kí ó ra àpótí mìíràn kún un. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ìdílọ́wọ́ ìgbì jẹ́, orísun rẹ̀ àti bí a ṣe lè dín in kù. Ó fi hàn pé, yàtọ̀ sí ẹ̀rọ mìíràn àti Wáífáì aládùúgbò, àwọn àpótí inú ilé kan náà a máa dí ara wọn lọ́wọ́. Ètò àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe àfikún agbára. Iṣẹ́ náà tún dábàá bí olùkọ́ ṣe lè fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ilé olùkọ́ àti ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti di apá kan kíláàsì. Ohùn tí ó ń já, àwòrán tí ó dúró gbagidi àti iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìdajì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó pa kíláàsì jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ̀bi.

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí kò pẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1985 ni àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà fàyè gba ará ìlú láti máa lo àwọn ìpele ìgbì kan láìgba ìwé àṣẹ, 2.4 GHz wà lára wọn. Ní 1997 ni ìlànà àkọ́kọ́ tí a ń pè ní IEEE 802.11 jáde, òun sì ni ìpìlẹ̀ Wáífáì. Ní 2011 ni a fọwọ́ sí 802.11s, ìlànà tí ó jẹ́ kí àpótí púpọ̀ lè máa gba iṣẹ́ fún ara wọn. Nígbà tí ó di 2016, irú àpótí bẹ́ẹ̀, bíi Google Wifi àti Orbi, bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó tẹ̀lé ìlànà kan ṣoṣo. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀nà tí Wáífáì ń gbà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọ̀nà ọjà ni. Ẹni tí ó ru igi ń gba ibẹ̀, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà ń gba ibẹ̀.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Kókó Ọ̀rọ̀

2.1 Ìsokọ́ra aláwọ̀n: Orúkọ yìí bá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ mu. Nínú àwọ̀n apẹja, okùn kọ̀ọ̀kan so mọ́ òmíràn ní kókó, bí okùn kan bá sì já, àwọ̀n kò tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àpótí kọ̀ọ̀kan nínú ilé ṣe jẹ́ kókó. Kókó àkọ́kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé. Àwọn yòókù a máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì máa tà á látaré sí fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ó bá sún mọ́ wọn.

2.2 Ìpele ìgbì: Ìgbì rédíò a máa mì, iye ìgbà tí ó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a sì fi ń dá a mọ̀. 2.4 GHz túmọ̀ sí ìgbà 2,400,000,000. Ìpele 2.4 GHz ń lọ jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ. Ṣùgbọ́n 5 GHz fẹ̀ jù ú lọ, dátà púpọ̀ sì lè gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

2.3 Ojú ọ̀nà: Ìpele kọ̀ọ̀kan ni a pín sí ojú ọ̀nà tí a fún ní nọ́ńbà. Ní 2.4 GHz, àárín ojú ọ̀nà kan sí èkejì jẹ́ 5 MHz, ṣùgbọ́n ìgbì Wáífáì kan fẹ̀ tó 20 MHz. Ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a fa ilà ojú ọ̀nà ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún márùn-ún fún ọkọ̀ tí ó fẹ̀ ní ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé 1, 6 àti 11 ni a sábà máa ń yàn, nítorí pé àwọn mẹ́ta yìí kò gun ara wọn lórí.

2.4 Ìdílọ́wọ́ ìgbì: Èyí ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbì mìíràn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ èyí tí ó ń retí. Ó yàtọ̀ sí àìlágbára ìgbì. Ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi kọnkéré àti irin dà, táńkì omi àti páànù a máa sọ ìgbì di aláìlágbára tàbí kí wọ́n dá a padà. Wọn kì í pariwo. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó nítorí pé ìwòsàn wọn kò rí bákan náà. Bí àmì Wáífáì lórí fóònù bá kéré, àìlágbára ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí àmì náà bá kún ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ń falẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìdílọ́wọ́, bí kò bá jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni kò wọlé dáadáa.

3.0 Bí Àwọn Ẹ̀rọ Ṣe Ń Pín Ọ̀rọ̀ Sọ

Ní 1971, ní Ifáfitì Hawaii, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìsokọ́ra kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní ALOHA, èyí tí ó fi rédíò so kọ̀ǹpútà tí ó wà ní erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ a sọ ọ́ nígbà tí ó bá fẹ́; bí ọ̀rọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, a tún wọn sọ. Ìṣirò fi hàn pé ní irú ètò bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ọ̀nà náà ni ó lè wúlò. Ìyókù ń ṣòfò sínú ìkọlura àti ìdákẹ́jẹ́.

Wáífáì kọ́gbọ́n nínú èyí. Ẹ̀rọ Wáífáì a kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀, a dúró. Bí ọ̀nà bá dákẹ́, a dúró díẹ̀ sí i kí ó tó sọ tirẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí láàárín àwọn àgbà ìgbìmọ̀, òun náà sì ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń gbé pọ̀.

Láti inú èyí ni a ti lè lóye ohun kan tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí Wáífáì aládùúgbò bá wà ní ojú ọ̀nà 6, ó sàn kí a wà ní 6 pẹ̀lú rẹ̀ ju kí a sá lọ sí 4. Ní 6, àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn, wọ́n sì lè gba ọ̀rọ̀ fún ara wọn. Ní 4, wọ́n gun ara wọn lórí láìlóye ara wọn. Ariwo lásán ni ẹnìkan jẹ́ sí ẹnìkejì.

4.0 Orísun Ìdílọ́wọ́

4.1 Ẹ̀rọ tí kì í ṣe Wáífáì: Ẹ̀rọ máíkírówéfù tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná ń lo nǹkan bí 2.45 GHz, àárín gbùngbùn ìpele Wáífáì gan-an. Agbára inú rẹ̀ lè tó 700 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí àpótí Wáífáì kì í sábà kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì ní ìpele yìí. Nítorí náà, èyí tí ó jò díẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò tó pa ènìyàn lára, tó láti bo ohùn Wáífáì mọ́lẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí iná rẹ̀ jẹ́ 50 Hz bíi Nàìjíríà, máíkírówéfù alátíránsífọ́mà a máa sọ̀rọ̀ fún bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, a sì dákẹ́ fún bẹ́ẹ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Wáífáì ń jí ọ̀rọ̀ sọ, ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi máa ń falẹ̀ dípò kí ó dá pátápátá.

Bluetooth náà ń lo ìpele yìí, ṣùgbọ́n kì í jókòó síbìkan. Ó lè fò láti ojú ọ̀nà kan sí òmíràn nígbà 1,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti 2003 ni ó sì ti ní ọgbọ́n láti yẹra fún ibi tí èrò pọ̀ sí. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni ohun èlò USB 3.0. Ilé-iṣẹ́ Intel fi hàn ní 2012 pé ó ń tú ariwo jáde ní àgbègbè 2.4 GHz. Kí á má ṣe gbé ohun èlò ìtọ́jú fáìlì USB 3.0 lé orí kókó Wáífáì tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

4.2 Wáífáì aládùúgbò: Ní ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, yàrá kọ̀ọ̀kan lè ní ráútà tàbí MiFi tirẹ̀, fóònù pẹ̀lú sì ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni gbogbo wọn ń dù ní 2.4 GHz.

4.3 Àwọn kókó fúnra wọn: Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ká ní kókó mẹ́ta wà nínú ilé kan, tí gbogbo wọn ń lo ojú ọ̀nà kan náà, tí wọ́n sì gbọ́ ara wọn. Bí fóònù bá wà lọ́dọ̀ kókó kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: kókó àkọ́kọ́ sí èkejì, èkejì sí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta sí fóònù. Nígbà tí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí ọ̀nà náà bá lè gbé 60 Mb ní ìṣẹ́jú àáyá fún ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ kókó àkọ́kọ́, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ èkejì kò ní rí ju bí 30 lọ, ẹni ìdí kókó kẹta kò sì ní rí ju bí 20. Bí a bá wá ra kókó kẹrin tí a gbé e sí àárín wọn, ẹnu tí yóò máa sọ̀rọ̀ ni a fi kún, a kò fi ààyè kún un. Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe ń lọ tí ìtura kò dé.

5.0 Ọ̀nà Àbáyọ

5.1 Àyẹ̀wò: Kí a kọ́kọ́ wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀bá kókó àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí a wọ̀n ọ́n ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti falẹ̀ láti orísun, kì í ṣe ẹ̀bi kókó. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ àbájáde sílẹ̀, kí a lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

5.2 Wáyà: Bí a bá lè fi wáyà Ethernet so kókó kan mọ́ kókó àkọ́kọ́, àtúnsọ láàárín wọn ti kúrò nínú afẹ́fẹ́. Kò sí ìwòsàn tí ó jù ú lọ. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé lọ́wọ́ yóò jèrè bí ó bá ri ọ̀pá fún wáyà yìí mọ́ ògiri nígbà tí a bá ń ri ti iná mànàmáná.

5.3 Iye kókó àti ibi tí a gbé wọn sí: Kí kókó mọ níba. Kí a má gbé kókó kejì sínú yàrá tí ìgbì kò dé. Ohun tí kò bá gbọ́ kò lè sọ. Àárín ọ̀nà ni ipò rẹ̀, ibi tí ó ti ń gbọ́ kókó àkọ́kọ́ ketekete. Bí áàpù ilé-iṣẹ́ bá fi agbára ìgbì hàn ní dBm, ó dára kí ó má relẹ̀ ju -67 lọ. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni agbára ìgbì pọ̀ tó. Kí kókó wà lókè, ní gbangba, kí ó jìnnà sí fíríìjì, dígí ńlá àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

5.4 Ojú ọ̀nà: Ní 2.4 GHz, kí a yan 1, 6 tàbí 11 tí èrò kò pọ̀ sí, kí a sì fi fífẹ̀ rẹ̀ sí 20 MHz, kì í ṣe 40. Kí a fi 5 GHz sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, àwòrán àti ìjíròrò láàárín kókó. Bí kókó bá ní rédíò mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ti ìjíròrò yìí nìkan. Kí a rántí pé rédà, títí kan ti ojú ọjọ́, ń lo apá kan 5 GHz. Bí kókó bá gbọ́ ohùn rédà, òfin ní kí ó kúrò ní ojú ọ̀nà náà, iṣẹ́ yóò sì dá fún ìgbà díẹ̀. Ojú ọ̀nà 36 sí 48 kò sí lábẹ́ òfin yìí.

5.5 Agbára ohùn: Fífi agbára kókó sí òkè pátápátá kì í sábà ṣe ìrànlọ́wọ́. Fóònù yóò gbọ́ kókó tí ó jìnnà, yóò rọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kókó kò ní gbọ́ fóònù dáadáa nítorí pé ohùn fóònù kò lágbára tó tirẹ̀. Ohùn tí ó ròkè jù yìí náà ni ó ń dí aládùúgbò lọ́wọ́.

5.6 Iná mànàmáná: Bí iná bá lọ, tí kókó àárín kò sí lórí ínfátà, kókó ìkẹyìn yóò máa wá ọ̀nà jíjìn gbà. Kí gbogbo kókó tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà wà lórí ínfátà pọ̀.

6.0 Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́

Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Ifáfitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ òpómúléró rẹ̀, fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí bá ọ̀nà náà mu, kò sì gba ohun èlò olówó ńlá. Kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta dúró ní ìlà, kí ẹni àkọ́kọ́ sọ gbólóhùn kan fún èkejì, kí èkejì sọ ọ́ fún ẹ̀kẹta, kí a sì ka iye àkókò tí ó gbà. Lẹ́yìn náà, kí ìlà mẹ́ta ṣe é pọ̀ nínú yàrá kan náà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ní ìkẹyìn, kí wọ́n gbà á ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi etí ara wọn gbọ́ ìkọlura, gbígba ọ̀rọ̀ fún ara ẹni àti ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ kí a tó dárúkọ wọn.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé ọ̀nà àjọlò ni ìgbì Wáífáì ń gbà, pé máíkírówéfù, USB 3.0 àti Wáífáì aládùúgbò lè dí i lọ́wọ́, àti pé kókó tí ó pọ̀ jù nínú ilé kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. A rí i pé wáyà, ipò tí ó yẹ, ojú ọ̀nà tí ó yẹ àti agbára tí ó mọ níwọ̀n ni ó ń mú ìrọ̀rùn wá. Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó sórí kókó mìíràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti yọ ọ̀kan kúrò, kí ó sì wọn ìyára lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà mìíràn, ohun tí ilé nílò ni kí ẹnu tí ó ń sọ̀rọ̀ dín kù.