Eré Ọkọ̀ Náà, Sí Kí Ni?

Bí mo bá sọ pé "Ibeshe jìnnà" tí mo sì dákẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á bi mí pé: "Ó jìnnà sí ibo?" Kò jìnnà sí ìgboro Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ó jìnnà gan-an sí Àgbádárìgì. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré rí nínú fisíìsì. Ẹni tó ní ọkọ̀ ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Sí kí ni?

Ká mú ọkọ̀ ojú omi kan tó gbéra ní Ibeshe, tó gba orí ọ̀sà lọ sí Èbúté Èrò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbé e sá 20 sí omi. Àmọ́ omi ọ̀sà kì í dúró sójú kan: bí òkun bá ń fà, ọ̀sà náà á máa ṣàn lọ sọ́nà òkun. Ká ní ó ń ṣàn ní 3 sí ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

eré ọkọ̀ sí ilẹ̀ = eré ọkọ̀ sí omi + eré omi sí ilẹ̀

Ẹ wo "omi" yẹn: òun ló parí ìdá kìíní, òun ló bẹ̀rẹ̀ ìkejì, kò sì sí nínú ìdáhùn mọ́. Bí orúkọ àárín kò bá bára mu, ẹ má tíì ṣírò o. Àlọ jẹ́ 20 + 3, ìyẹn 23. Àbọ̀ tó dojú kọ ìṣàn jẹ́ 20 − 3, ìyẹn 17.

Bí ọkọ̀ méjèèjì bá wá ń bọ̀ wá pàdé ńkọ́? 23 àti 17 jẹ́ 40. Ṣé ẹ rí i pé ìṣàn ti pa ara rẹ̀ rẹ́? Omi kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Galileo ti kọ irú rẹ̀ ní 1632: ẹni tó wà nínú yàrá ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́ẹ́ kò lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń lọ tàbí ó dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ìdánwò lọ. Lásìkò ọyẹ́, bí atukọ̀ kò bá rí ẹnìkejì rẹ̀ títí ó fi ku mítà 200, eré 40 yẹn á gbé wọn pàdé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18. Ẹni tó ń ro 20 tirẹ̀ nìkan á rò pé òun ní 36. Ìdajì àsìkò tó gbójú lé láti yà kò sí rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣírò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: sí kí ni?