Ṣé O Mọ̀? Ìda ló ń ṣí ọ̀nà omi nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ

Irin kékeré kan wà nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ tí wọ́n ń pè ní thermostat. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, irin yìí á ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Bí omi bá wá gbóná tó nǹkan bí 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìda náà á yọ́, á wú, á sì ti ọ̀nà ṣí.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló máa ń yọ ọ́ dànù bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ a máa jẹ epo, a sì máa tètè gbó.

O lè dán thermostat náà wò nílé. Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù pátápátá, tú u, jù ú sínú ìkòkò omi, kí o gbé e kaná. Bó bá ṣí kí omi tó hó, ó ṣì dára. Bí kò bá ṣí, ra tuntun.

Àmọ́ má ṣí ọmọrí rédíétọ̀ gbígbóná láé! Ọmọrí yẹn ló há omi mọ́lẹ̀, tó fi lè gbóná kọjá 100 láì hó. Gbàrà tí o bá ṣí i ni yóò hó, tí yóò sì tú sí ọ lójú.