Àwọn Ọmọ Iléèwé Tó Ń Bi Wá Léèrè Ọ̀rọ̀ Nínú Ọjà: Kí Ni Wọ́n Ń Wá?

 

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn aláta lóṣù tó kọjá. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kárà-kátà nílé ẹ̀kọ́ gíga wá jókòó tì wá, ó mú ìwé àti bírò dání, ó ń wo bí a ṣe ń tajà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí ẹnì kan fi pariwo pé káńsù ló rán an wá láti ka iye tí à ń pa, kí wọ́n lè fi kún owó orí wa. Kí á tó mọ̀, wọ́n ti já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti da omi ata lé e. Ọmọ náà sunkún lọ sílé. Ẹ̀yìn ìgbà náà la wá gbọ́ pé ọmọ aláṣọ ni, owó aṣọ ni ìyá rẹ̀ fi ń rán an níléèwé. Ojú tì wá púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa akọ̀wé fi lọ bẹ̀ ẹ́, tí a sì ní kó jókòó kó là á yé wa. Ìwé mẹ́fà la kà, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé wa dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Ó ní ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wádìí ọjà. Èkínní ni ti iye: èèyàn mélòó ló ń ra ọṣẹ yìí, èló ni, ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀? Wọ́n á há ìwé fún èrò rẹpẹtẹ, wọn á máa fàmì sí i. Èkejì ni ti ìdí ọ̀rọ̀: kí ló dé tí oníbàárà fi kọjá ìsọ̀ mẹ́ta kó tó dúró ní ẹ̀kẹrin, nígbà tó jẹ́ pé ọjà kan náà, owó kan náà ni? Iye kò lè sọ ìyẹn. Èkejì yìí ni ọmọ náà wá ṣe. Kò sì béèrè ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á bá àwọn díẹ̀ sọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò, títí ìdáhùn á fi máa jọra tí ọ̀rọ̀ tuntun kò sí mọ́, wọ́n á wá dúró.

Nígbà mìíràn, ẹnì kan péré ni wọ́n á fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń béèrè. Tí wọ́n bá ní, “Ṣé ẹ máa ń fún oníbàárà ní èènì?” ẹ ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní, “Ìyá, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń mọ ẹni tí ẹ máa fún ní èènì,” háà, ilẹ̀ á ṣú síbẹ̀! Nítorí àwa náà mọ̀ pé èènì kì í ṣe ti gbogbo ayé. Oníbàárà àárọ̀ yàtọ̀, ẹni tó mú ẹlòmíràn wá yàtọ̀, ẹni tó nájà títí tó fi bú wa náà yàtọ̀.

Nígbà mìíràn, wọ́n á kó bí èèyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá jọ, ẹnì kan á máa da ìbéèrè sílẹ̀, àwọn yòókù á máa fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á máa já ara wọn níyàn. Ó ní ní New York lọ́dún 1941, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Paul Lazarsfeld ń kó èèyàn jọ láti gbọ́ ètò rédíò. Ẹni tí ohun tó gbọ́ bá wù á tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ẹni tí kò wù tẹ pupa. Ẹnì kejì rẹ̀, Robert Merton, wá rí i pé bọ́tìnì kò sọ ìdí, ló bá ń bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni irú ìjókòó yìí ti gbilẹ̀.

Jíjókòó wò ló bí wa nínú, òun sì ni a rò pé ó gbọ́n jù. Ẹnu ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ ń ṣe tirẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú wa bóyá a ń tàwìn, a ó ní láéláé, ìwé gbèsè sì wà lábẹ́ tábìlì! Ẹni tó bá jókòó tì wá lọ́jọ́ mẹ́ta ló máa rí ìwé náà. Ìyàwó ilé kan lè sọ pé òun kì í ra tòmátò tó ti ń rọ̀, ẹ sì ń rí i lójoojúmọ́ tó ń dọ́gbọ́n ṣà á lálẹ́ kó lè ra á ní pọ́ọ́kú. Irú ìwádìí yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1961, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà, Gloria Marshall, tó wá di Niara Sudarkasa, wá gbé ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ó ń bá àwọn obìnrin rọjà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣòwò àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Bí wọ́n bá ti da omi ata lé tirẹ̀ ńkọ́?

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ń fọ́nnu pé òun sọ fún ọmọ iléèwé kan pé ogún àpò ata lòun ń tà lóòjọ́. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí lè bá ilé iṣẹ́ ńlá ṣiṣẹ́ lọ́la. Tó bá gbà pé olówó ni gbogbo wa, ta ni yóò rántí ẹni tó fẹ́ ra ti owó kékeré, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń ná ọjà wa jù?

Èyí kò ní ká máa ya ẹnu fún gbogbo ẹni tó gbé bírò dé o. Ẹ béèrè lẹ́tà iléèwé rẹ̀, kó mú un dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà. Ẹ bi í léèrè bóyá yóò kọ orúkọ yín síbẹ̀. Ó yẹ kó yọ ọ́. Kò gbọdọ̀ gba ohùn yín sínú fóònù tàbí ya fọ́tò yín láìgbàṣẹ. Ẹ lè dákẹ́ lórí èyí tí kò bá wù yín, ẹ sì lè dìde nígbàkúùgbà. Kó sì padà wá ka ohun tó rí fún wa. Èyí dùn wá gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ tó ti wá kò padà.

Ọmọ náà ti gbà láti padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé. Èèyàn mẹ́jọ ló fẹ́: méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn aláta, méjì aláṣọ, méjì ẹlẹ́ja, méjì onígàrí. Kí oníkálukú gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání. Àwọn aláta ti dá owó ìwé tuntun, ó wà lọ́wọ́ akápò.