Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ẹbí Yín Wo Ère Èsìẹ́

Ẹni tó bá gbéra láti Òmù-Àrán kò ní pẹ́ dé Èsìẹ́. Ìlú Ìgbómìnà ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, ìpínlẹ̀ Kwárà, ibẹ̀ sì ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kí Jos, Ifẹ̀ àti Èkó tó ní tiwọn. Àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 800 lọ, ọkùnrin àti obìnrin, púpọ̀ wọn ló sì jókòó sórí àpótí. Ẹni tó bá dá wọlé lè yí i po ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó jáde, kí ó ní òun ti rí wọn. Kò tíì rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo òbí pé bí ẹ bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè fún amọ̀nà.

Amọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Yóò mú yín dúró níwájú ère kan ṣoṣo, yóò ní kí ẹ wò ó dáadáa, yóò sì bi yín pé kí lẹ rí. Irun ni ojú sábà máa ń kọ́kọ́ bá, nítorí ẹni tó gbẹ́ ère wọ̀nyí fara balẹ̀ sí orí gan-an. Lẹ́yìn irun ló kan ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àti ohun tó wà lọ́wọ́. Ẹ ó rí ẹni tó mú ọrun, ẹ ó rí èyí tó gbé apó ọfà, ẹ ó rí èyí tó mú ohun èlò orin. Àwọn obìnrin kan náà mú ohun ìjà dání, ìyẹn sì máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dá a sílẹ̀. Bí ìyá àgbà bá wà láàárín yín, kí amọ̀nà fún un láyè níbi irun àti ilà, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà mọ ohun tí kò sí nínú ìwé nípa irun dídì àti ilà ìdílé.

Ti àwọn ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dúró gbọ́ àlàyé lórí ère ogún, ẹ má sì fi agídí mú un. Iṣẹ́ ni kí ẹ fún un ṣe: kí ó wá èyí tó kéré jù, torí àwọn kan kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, kí ó wá èyí tí wọ́n ń pè ní Ọba Ère, tó ju mítà kan lọ, kí ó jókòó bí ère kan ṣe jókòó. Ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, kí ó ya irun kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá ti ya nǹkan á ti wò ó, bí àwòrán náà kò tilẹ̀ jọ ọ́.

Ọmọ náà yóò fẹ́ fọwọ́ kan ère. Dípò kí amọ̀nà kàn jágbe mọ́ ọn, kí ó ṣàlàyé. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ ère wọ̀nyí rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, èékánná lásán sì lè ha á. Ìrọ̀rùn yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó gbẹ́ ère nígbà náà lè fín ilà wẹ́wẹ́ sí ojú ère, òun náà ló sì jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lè pa ilà náà rẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ìdí yìí ni yóò máa ṣọ́ ọwọ́ àwọn yòókù.

Ìtàn ló kù, ibẹ̀ sì ni mo ti ń mọ amọ̀nà tó lóye. Ìlú ní àlejò ni àwọn ère yìí tẹ́lẹ̀, pé wọ́n dé, wọ́n sì di òkúta. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní èèyàn ló gbẹ́ wọn: àyẹ̀wò àfọ́kù amọ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì fìdí ẹni tó gbẹ́ wọn múlẹ̀. Amọ̀nà tó bá sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ìlú àti ti awalẹ̀pìtàn, tó sì fi ìkejì pamọ́, ti rẹ́ àlejò jẹ. Kí ó sọ méjèèjì, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bi í pé, “Èwo lẹ̀yin gbà gbọ́, sà?” Bákan náà, bí ó bá sọ pé ọdún 1933 ni Ramshaw, òyìnbó ìjọ CMS tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, ròyìn wọn fáyé gbọ́, kí ó fi kún un pé àwọn ará Èsìẹ́ ti ń tọ́jú wọn nínú igbó kí ó tó dé. Wọn kò sọnù rí.

Àwọn ará ìlú ṣì ń ṣe ọdún ère lọ́dọọdún. Nítorí náà, kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má dé ibì kan, ẹ má dé ibẹ̀.

Fún àwọn tíṣà: ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, ẹ sọ iye ọmọ àti kíláàsì wọn, kí ẹ má sì kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìdajì wà lọ́dọ̀ amọ̀nà, kí ìdajì yòókù máa fi amọ̀ mọ ère tiwọn níta, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀. Ìsinmi ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, dára fún ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mùsíọ́ọ̀mù àgbáyé, 18 oṣù kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fẹ́ kí amọ̀nà ráyè dá ọmọ yín lóhùn, ọjọ́ tí èrò kò sí ni kí ẹ lọ.